Àgbàlagbà Tí Iyè Rẹ̀ Ń Lọ: Iṣẹ́ Tí Ó Wà Lọ́wọ́ Onílé Ìtura àti Onígbọ̀ngàn Àríyá ní Alímòṣọ́

Nínú gbogbo ìjọba ìbílẹ̀ tí ó wà ní Ìpínlẹ̀ Èkó, Alímòṣọ́ wà lára àwọn tí ènìyàn inú wọn pọ̀ jù lọ. Nígbà tí ìjọba àpapọ̀ ka ènìyàn ní ọdún 2006, 1,277,714 ni iye tí wọ́n kà níbẹ̀, àwọn tí ó sì ti kó dé láti ìgbà náà kò kéré. Láti Ìkòtún dé Ìgándò, láti Ìdímù dé Ẹ̀gbẹ́dá àti Ìpájà, oko àti abúlé ni púpọ̀ nínú ilẹ̀ yìí jẹ́ ní ìgbà àwọn baba. Lónìí, ilé kan ilé láti òpópó dé òpópó. Níbi tí ènìyàn bá sì pọ̀ tó báyìí, ìnáwó kò lè wọ́n. Ní ọjọ́ Sátidé, agbára káká ni ènìyàn fi lè rí gbọ̀ngàn àríyá tí ó ṣófo. Ilé ìtura wà ní àdúgbò gbogbo. Ní Ìkòtún ní pàtàkì, ọ̀pọ̀ ilé ìtura ni ó dìde nítorí àwọn àlejò láti òkè òkun àti láti ilẹ̀ Áfíríkà mìíràn tí wọ́n ń wá jọ́sìn ní ṣọ́ọ̀ṣì Synagogue Church of All Nations.

Ní gbogbo ibi wọ̀nyí ni a ti ń rí àwọn àgbàlagbà. A kì í ṣe ìgbéyàwó kí a má mú ìyá àgbà wá. A kì í sin òkú kí àwọn ẹgbẹ́ olóògbé má jókòó sí iwájú. Láàárín àwọn àgbà wọ̀nyí ni a ti rí àwọn kan tí iyè wọn ti ń lọ díẹ̀díẹ̀, tí wọn kò rántí ohun tí wọ́n jẹ ní àárọ̀, tí wọ́n ń béèrè ọ̀rọ̀ kan náà ní ìgbà mẹ́wàá, tí wọ́n sì lè dìde lórí àga kí wọ́n sì rìn lọ láìmọ ibi tí wọ́n ń lọ. Ọ̀rọ̀ ìwòsàn wọn wà lọ́wọ́ dókítà. Èyí tí ó wà lọ́wọ́ onílé ìtura, onígbọ̀ngàn, olóúnjẹ àti awakọ̀ ni bí irú àwọn àgbà bẹ́ẹ̀ yóò ṣe jáde kúrò nílé, kí wọ́n jẹ ìgbádùn tiwọn, kí wọ́n sì padà sílé ní àlàáfíà.

Kí ni àrùn náà?

Ní èdè wa, bí arúgbó bá ń gbàgbé ohun gbogbo tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò sì gún mọ́, a máa ń wí pé ó ń ṣarán. Àwọn mìíràn ń pè é ní àrùn ìgbàgbé. Ọ̀rọ̀ àtijọ́ ni ṣíṣarán, èyí sì fi hàn pé àrùn náà kì í ṣe àlejò láàárín wa. Ohun tí ó jẹ́ tuntun ni ìmọ̀ pé kì í ṣe ọjọ́ orí nìkan ni ó ń fà á. Àwọn ènìyàn wà tí wọ́n lé ní aádọ́rùn-ún ọdún tí iyè wọn sì pé pérépéré. Àrùn inú ọpọlọ ni. Èyí tí ó wọ́pọ̀ jù nínú ẹ̀yà rẹ̀ ni wọ́n fi orúkọ dókítà ará Jámánì kan pè, Alois Alzheimer, ẹni tí ó kọ́kọ́ ṣàlàyé rẹ̀ fún àwọn oníṣègùn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní ọdún 1906, lẹ́yìn tí ó ti yẹ ọpọlọ obìnrin aláìsàn kan wò. Ẹ̀yà mìíràn a máa tẹ̀lé ẹ̀jẹ̀ ríru àti àrùn rọpárọsẹ̀, nígbà tí ẹ̀jẹ̀ kò bá ráyè dé apá kan ọpọlọ mọ́.

Àmọ́ kì í ṣe gbogbo ìgbàgbé ni àrùn yìí. Ibà, oògùn tí kò bá ara àgbà mu, àìtó èròjà kan nínú oúnjẹ, tàbí ìbànújẹ́ ọkàn tí ó pẹ́, lè mú kí iyè àgbà dàrú fún ìgbà díẹ̀, a sì lè wo irú èyí sàn. Nítorí náà kò tọ́ kí àwọn ọmọ jókòó sílé kí wọ́n máa wí pé ọjọ́ ogbó ni. Ilé ìwòsàn ni ó yẹ kí wọ́n kọ́kọ́ mú un lọ. Ní ti àrùn ìgbàgbé gan-an, kò tíì sí oògùn tí ó lè mú un kúrò pátápátá, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé oògùn wà tí ó lè mú un rọ̀ fún àwọn kan. Ní ọdún 2024, ìgbìmọ̀ àwọn ọ̀mọ̀wé kan tí ìwé ìròyìn ìṣègùn The Lancet gbé kalẹ̀ ka ohun 14 tí ó ń dá kún un tí ènìyàn lè gbógun tì, nínú wọn ni ẹ̀jẹ̀ ríru, àtọ̀gbẹ, sìgá mímu, etí dídi, ojú tí kò ríran dáadáa, àti dídá nìkan gbé láìsí ẹni tí a ń bá sọ̀rọ̀. Wọ́n ní bí a bá lè mú gbogbo wọn kúrò, a lè dènà tàbí dá dúró fún ìgbà díẹ̀ ohun tí ó tó 45 nínú ọgọ́rùn-ún àrùn náà. Kí onígbọ̀ngàn fi ọkàn sí èyí tí a kà gbẹ̀yìn: àgbà tí kò jáde mọ́ ń pàdánù ju fàájì lọ.

Ìwádìí tí a ṣe ní Ìbàdàn

Àwọn kan ń rò pé àrùn òyìnbó ni, pé ilẹ̀ wa kò mọ̀ ọ́n. Ilẹ̀ Yorùbá gan-an ni a ti ṣe ọ̀kan nínú àwọn ìwádìí tí ó lókìkí jù lọ ní gbogbo ayé lórí ọ̀rọ̀ yìí. Ní ọdún 1992, olóògbé Ọ̀jọ̀gbọ́n Benjamin Olúwakáyọ̀dé Ọ̀ṣúntókun ti Yunifásítì Ìbàdàn, ẹni tí ó kú ní 1995, àti Hugh Hendrie ti Indiana University ní Amẹ́ríkà, pẹ̀lú àwọn ẹgbẹ́ wọn, bẹ̀rẹ̀ sí í wá àwọn àgbà tí ó ti pé ọdún 65 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ kiri láti ojúlé dé ojúlé ní agbègbè Ìdíkàn ní Ìbàdàn. Yorùbá 2,494 ni wọ́n yẹ̀ wò. Ní ìlú Indianapolis, wọ́n yẹ àwọn aláwọ̀ dúdú ará Amẹ́ríkà 2,212 wò ní ojúlé wọn, wọ́n sì tún dé àwọn ilé ìtọ́jú arúgbó.

Nígbà tí wọ́n tẹ èsì rẹ̀ jáde ní 1995, nínú àgbà ọgọ́rùn-ún ní Ìbàdàn, ó lé díẹ̀ ní méjì (2.29) tí ó ní àrùn ìgbàgbé. Ní Indianapolis, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ pé márùn-ún (4.82) láàárín àwọn tí ń gbé nínú ilé wọn, ó sì lé ní mẹ́jọ (8.24) bí a bá ka àwọn tí ó wà ní ilé ìtọ́jú arúgbó mọ́ wọn. Wọn kò dúró níbẹ̀. Wọ́n ń padà lọ bẹ àwọn ènìyàn kan náà wò, ní 2001 wọ́n sì kéde pé àwọn tí àrùn náà ṣẹ̀ṣẹ̀ ń mú ní ọdọọdún ní Ìbàdàn jẹ́ 1.35 nínú ọgọ́rùn-ún, nígbà tí ti Indianapolis jẹ́ 3.24. Ẹ̀jẹ̀ kan náà ni àwọn ènìyàn méjèèjì láti ìpilẹ̀ṣẹ̀, nítorí náà àwọn oníṣègùn fura sí oúnjẹ, ẹ̀jẹ̀ ríru àti ìgbé ayé.

Ìròyìn ayọ̀ ni èyí dé ìwọ̀n kan, kò sì yẹ kí a fi sùn. Ìgbé ayé Alímòṣọ́ lónìí kì í ṣe ìgbé ayé Ìdíkàn ní 1992. Ẹni tí ń jókòó sínú mọ́tò fún wákàtí mẹ́ta lójúmọ́, tí ó ń jẹ oúnjẹ orí títì, tí kò sì yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò rí, kò lè fọwọ́ sọ̀yà pé òun jogún àlàáfíà àwọn àgbà Ìbàdàn. Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé ní 2021, ènìyàn mílíọ̀nù 57 ni ó ní àrùn yìí ní gbogbo ayé, ó sì lé ní 60 nínú ọgọ́rùn-ún wọn tí ń gbé ní àwọn ilẹ̀ tí owó kò pọ̀ sí.

Ohun tí ojú àgbà ń rí ní ìta

Iyè tí ó ń lọ kì í lọ lẹ́ẹ̀kan náà. Ohun àná ni ó máa ń kọ́kọ́ lọ. Ohun ìgbà èwe a sì dúró pẹ́. Èyí ni ó fà á tí àgbà kan yóò fi gbàgbé orúkọ ọmọ-ọmọ rẹ̀ tí yóò sì rántí orúkọ olùkọ́ rẹ̀ ní kíláàsì kìíní. Ẹni tí ó bá mọ èyí yóò mọ ìdí púpọ̀ nínú ohun tí ó dà bí ìwà wèrè.

Ẹ wo ọ̀rọ̀ owó. Ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 1973 ni Nàìjíríà fi pọ́n-ùn àti ṣílè sílẹ̀, tí a bọ́ sí náírà àti kọ́bọ̀. Ẹni tí ó ti pé ọmọ ọgbọ̀n ọdún nígbà náà ti lé ní ọgọ́rin ọdún nísinsìnyí. Bí olóúnjẹ bá bù ú ní ìrẹsì tí ó sì dárúkọ ẹgbẹ̀rún mélòó kan, àgbà náà lè kígbe pé wọ́n fẹ́ jà òun ní olè, nítorí pé iye tí ó wà ní ọkàn rẹ̀ ni iye tí a fi ń ra ilẹ̀ nígbà tí ó wà ní ọ̀dọ́. Kò bú ẹnikẹ́ni. Bákan náà ni ti títì. Títí di ọjọ́ kejì oṣù kẹrin ọdún 1972, ọwọ́ òsì ni ọkọ̀ ń gbà ní ilẹ̀ wa. Ẹni tí ó kọ́ láti sọdá títì ní ayé ìgbà náà, tí iyè rẹ̀ sì ti padà sí ìgbà náà, lè wo apá tí kò tọ́ kí ó tó gbé ẹsẹ̀ sí àárín títì ní Ìyànà Ìpájà. Kí kọ̀ǹdọ́ tí ó sọ àgbà kalẹ̀ sí òdì kejì títì ronú sí èyí.

Èyí tí ó burú jù ni ọ̀rọ̀ àjẹ́. Àrùn náà a máa yí oorun padà. Aláìsàn lè sùn ní ọ̀sán kí ó sì máa rìn ní òru. Ìyá àgbà kan jáde nílé ní aago méjì òru pẹ̀lú ìró kan ṣoṣo, kò rí ọ̀nà ilé mọ́, ó sì jókòó sí ẹnu ọ̀nà ilé ìtura kan títí ilẹ̀ fi mọ́. Bí wọ́n bá bi í pé níbo ni ó ti wá, yóò dárúkọ abúlé tí wọ́n bí i sí. Bí wọ́n bá ní ta ni ó mú un wá, ó lè ní ìyá òun ni, ẹni tí ó ti kú láti ogójì ọdún. Àwọn ènìyàn a pé lé e lórí. Ẹnì kan a ní ẹyẹ ni ó já bọ́ lójú òun. Òkò a bẹ̀rẹ̀. A ti gbọ́ irú rẹ̀ ní ìlú púpọ̀. Ọlọ́dẹ ẹnu ọ̀nà ilé ìtura ni ó sábà máa ń kọ́kọ́ rí irú ìyá bẹ́ẹ̀, ní òru, nígbà tí kò tíì sí èrò. Bí wọ́n bá ti kọ́ ọ pé aláìsàn ni, yóò ṣí géètì, yóò gbé àga àti omi fún un, yóò sì wá ẹni tí yóò pè. Bí wọn kò bá kọ́ ọ, òun gan-an ni yóò kọ́kọ́ ké pe àwọn ènìyàn. Ẹ̀mí ń bẹ láàárín méjèèjì.

Gbọ̀ngàn àríyá

Ariwo ni ìṣòro àkọ́kọ́. Etí ẹni tí ara rẹ̀ le lè ya ohùn ẹnì kan sọ́tọ̀ nínú ariwo. Ti aláìsàn yìí kò lè ṣe é. Ìlù, gbohùngbohùn, ẹ̀rọ amúnáwá ní ẹ̀yìn fèrèsé àti ẹgbẹ̀ta ènìyàn tí ń sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, gbogbo rẹ̀ a dà pọ̀ di ohun kan tí ń dẹ́rù bà á. Yóò bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún tàbí kí ó fẹ́ sá. Onígbọ̀ngàn tí ó bá ní yàrá kékeré kan ní ẹ̀gbẹ́, èyí tí wọ́n ń kó àwọn àga tí ó kù sí, lè palẹ̀ rẹ̀ mọ́, kí ó gbé àga tí ó ní apá méjì síbẹ̀, fáànù kan, omi, àti iná tí kò pa ojú. Kò ná an ní nǹkan kan tó owó ọ̀ṣọ́ orí pèpéle. Bí kò bá sí yàrá, kí tábìlì àwọn àgbà jìnnà sí gbohùngbohùn. Àṣà tí a ń tẹ̀lé, pé kí a gbé àwọn àgbà sí iwájú gan-an nítorí ọ̀wọ̀, ń gbé wọn sí ẹnu gbohùngbohùn ni.

Lẹ́yìn èyí ni ọ̀rọ̀ aṣọ ẹbí. Ẹwà ni fún ojú. Àdánwò ni fún aláìsàn. Ìyá kan tí ó ń fi aṣọ mọ ọmọ rẹ̀ yóò gbé ojú sókè, yóò sì rí igba obìnrin tí gbogbo wọn wọ léèsì kan náà, tí wọ́n wé gèlè kan náà. Èwo ni ọmọ òun? Ó ti di ẹni tí ó sọnù láàárín ẹbí ara rẹ̀. Kí ọmọ tí ó mú ìyá wá má kúrò ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, tàbí kí ó fi ohun kan tí ìyá mọ̀ dáadáa sí ara, ìborùn àtijọ́ kan tàbí fìlà tí àwọ̀ rẹ̀ yàtọ̀. Kí àwọn tí ń tọ́jú àlejò sì mọ̀ láti àárọ̀ pé ìyá wo ni àti pé ọmọ ta ni, kí wọ́n lè tọ́ ọ padà.

Níná owó pẹ̀lú gba ìṣọ́ra. Àgbà tí ń ná owó fún onílù lè ná gbogbo ohun tí ó wà nínú àpò rẹ̀ ní ìgbà mẹ́ta láìmọ̀ pé òun ti ná an rí. Bàbá onílù tí ó bá ní ojú àánú yóò mọ ìgbà tí ó yẹ kí ó sún sí tábìlì mìíràn.

Ṣùgbọ́n orin gan-an kì í ṣe ọ̀tá wọn. Orin ìgbà èwe a máa wà lọ́kàn aláìsàn lẹ́yìn tí ọ̀rọ̀ púpọ̀ ti lọ. Ẹni tí ó jẹ́ ọ̀dọ́ ní 1963, ọdún tí Ọbabìnrin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fi oyè M.B.E. dá I. K. Dairo lọ́lá, tàbí tí ó máa ń jókòó ti rédíò nígbà tí Haruna Ishola ń kọ àpàlà tí Yusuf Olatunji sì ń ta gòjé sí sákárà, lè má rántí orúkọ aya rẹ̀, síbẹ̀ kí ó gbe orin náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Bí onílù bá lè ya ìdajì wákàtí sọ́tọ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ àríyá, kí gbohùngbohùn tó ké tán, kí ó lu èyí fún wọn pẹ̀lú ohùn tí ó rọlẹ̀, yóò rí ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ lójú wọn. Oríkì náà ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ọpọ́n ayò pẹ̀lú, níwọ̀n bí ọwọ́ kò ti gbàgbé ohun tí ó ti ń ṣe láti kékeré.

Ilé ìtura

Ẹni tí iyè rẹ̀ ń lọ mọ ilé ara rẹ̀ nítorí pé ó ti mọ́ ọn lára. Bí a bá gbé e lọ sí yàrá àjèjì, ní òru, tí iná sì lọ, kò sí ohun tí ó lè dì mú. Kí onílé ìtura fi àlejò bẹ́ẹ̀ sí ilẹ̀, kì í ṣe òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, ní yàrá tí kò jìnnà sí ẹnu ọ̀nà. Kí yàrá ẹbí rẹ̀ kan tirẹ̀. Kí a kọ ILÉ ÌGBỌ̀NSẸ̀ gàdàgbà sí ara ilẹ̀kùn, kí a sì ya àwòrán rẹ̀ sí i fún ẹni tí kò mọ̀wé. Kí ilẹ̀kùn náà wà ní ṣíṣí ní òru, kí iná kékeré kan tí ń lo bátìrì tàbí oòrùn máa tàn níbẹ̀.

Àwọn ohun kan wà tí ojú aláìsàn ń rí yàtọ̀ sí tiwa. Ẹní dúdú tí a tẹ́ sí ẹnu ọ̀nà lè dà bí kòtò lójú rẹ̀, kò sì ní gbà láti tẹ̀ ẹ́. Táìlì tí ń dán lè dà bí omi. Dígí ńlá tí ó kọjú sí ibùsùn ń fi arúgbó kan hàn án tí kò mọ̀, ó sì lè lo òru náà láti máa bá olè inú yàrá jà. Aṣọ kan tí a fi bo dígí ti tó. Omi gbígbóná inú ẹ̀rọ lè bó o lára, nítorí náà kí òṣìṣẹ́ fi hàn ẹni tí ó mú un wá bí wọn yóò ṣe pa á. Kí a má sì ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn láti ìta láé, ohun yòówù kí ẹbí sọ. Bí iná bá ṣẹlẹ̀, ikú ni. Ọlọ́dẹ tí ó mọ ojú àlejò ṣe iṣẹ́ ju àgádágodo lọ.

Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Scotland, àwọn àjọ tí ń rí sí ìrìn-àjò afẹ́, VisitEngland àti VisitScotland, ti gbé ìwé ìtọ́sọ́nà jáde fún àwọn onílé ìtura lórí irú nǹkan wọ̀nyí. Láti 2016, pápákọ̀ òfurufú Gatwick ní ìtòsí Lọ́ńdọ̀nù ti ń fún ẹni tí ó ní àìlera tí kò hàn sójú ní okùn ọrùn aláwọ̀ ewé tí a ya òdòdó ọ̀rùn-oòrùn sí, kí òṣìṣẹ́ lè mọ̀ pé ó yẹ kí òun ní sùúrù láìjẹ́ pé ẹnì kan ṣàlàyé. Ó ti tàn dé ilẹ̀ púpọ̀. Àwọn ará Japan ti lọ jìnnà jù: láti 2005 ni wọ́n ti ń kọ́ àwọn olùtajà, òṣìṣẹ́ báǹkì, awakọ̀ àti ọmọ ilé-ìwé ní ẹ̀kọ́ wákàtí kan ààbọ̀ nípa àrùn yìí, àwọn tí ó sì ti gba ẹ̀kọ́ náà ti ju mílíọ̀nù 10 lọ. Ní Tokyo ní 2017, wọ́n ṣí ilé oúnjẹ kan fún ọjọ́ díẹ̀ níbi tí àwọn tí ń gbé oúnjẹ kiri jẹ́ aláìsàn ìgbàgbé. Oníbàárà lè béèrè ẹran kí wọ́n gbé ẹja fún un, olúkúlùkù sì mọ̀ bẹ́ẹ̀ kí ó tó jókòó, wọ́n sì jẹ ẹ́ pẹ̀lú ẹ̀rín. Búkà Ẹ̀gbẹ́dá kò ní láti ṣe tó bẹ́ẹ̀. Kí ó kàn ní sùúrù fún ẹni tí ó béèrè ẹ̀bà lẹ́yìn tí ó ti jẹ ẹ̀bà tán, ó tó.

Ní ti ìrìn-àjò afẹ́, Àgbádárìgì kò jìnnà sí Ìgándò, ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà tí wọ́n parí ní 1845 sì wà níbẹ̀. Oníkàn ní Erékùṣù Èkó ní ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé ti ìjọba àpapọ̀, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1957. Irú ibi wọ̀nyí, níbi tí ohun àtijọ́ pọ̀ sí, ni ó bá ọkàn wọn mu jù. Ní Liverpool, àwọn ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé ti ń fi ohun èlò ìgbà àtijọ́ ṣí ọ̀rọ̀ lẹ́nu irú àwọn àgbà bẹ́ẹ̀ láti 2012. Àárọ̀ ni kí ẹni tí ó bá ń kó wọn lọ gbéra, nítorí pé bí oòrùn bá ti ń wọ̀ ni ọkàn púpọ̀ nínú wọn máa ń dàrú sí i, wákàtí náà gan-an sì ni ọkọ̀ ń dí pa ní ọ̀nà.

Bí a ti ń bá wọn sọ̀rọ̀

Orí èyí ni Yorùbá ti ní àǹfààní tí ọ̀pọ̀ ilẹ̀ kò ní. Ìkíni wa ti ṣe ìdajì iṣẹ́ náà. Kí òṣìṣẹ́ dúró sí iwájú àgbà, kì í ṣe ẹ̀yìn. Kí ó kúnlẹ̀ tàbí kí ó dọ̀bálẹ̀ díẹ̀, kí ojú wọn lè ṣe mẹ́rin. Kí ó sọ orúkọ ara rẹ̀. Kí ó sọ ọ̀rọ̀ kan lẹ́ẹ̀kan. "Ẹ káàbọ̀, Bàbá. Ẹ jẹ́ kí n mú yín lọ sí ìjókòó yín." Kí ó má ṣe béèrè pé, "Ṣé ẹ rántí mi?" Ìbéèrè ìtìjú ni fún ẹni tí kò rántí. Kí ó má sì bá ọmọ rẹ̀ sọ̀rọ̀ lé e lórí bí ẹni pé igi ni ó dúró níbẹ̀.

Bí bàbá bá ní, "Ọmọ mi, ìyàwó mi dà? Ó yẹ kí ó ti dé," tí ọmọ rẹ̀ sì ti sọ fún òṣìṣẹ́ pé ìyàwó náà ti kú, kí ni kí ó wí? Bí ó bá ní "Bàbá, wọ́n ti kú," bàbá yóò gbọ́ ọ gẹ́gẹ́ bí ọ̀fọ̀ tuntun, yóò sì tún sunkún rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i, ní ọ̀la bákan náà. Bí ó bá sì ní "Wọ́n ń bọ̀," irọ́ ni. Ọ̀nà kẹta wà: "Bàbá, ẹ fẹ́ràn wọn gan-an ni. Irú oúnjẹ wo ni wọ́n máa ń sè fún yín?" Ọ̀rọ̀ a ṣí, ẹ̀rù a sì rọ̀.

Kí ni èrè rẹ̀?

Onílé ìtura lè béèrè èyí, kò sì burú, nítorí pé òwò ni ó ń ṣe. Àgbà kan kì í dá wá. Ọmọ, ìyàwó ọmọ àti ọmọ-ọmọ ni ó ń tẹ̀ lé e, wọn kì í sì í lọ sí ibi tí wọ́n ti dójú ti bàbá wọn rí. Yàtọ̀ sí èyí, òfin wà. Ìpínlẹ̀ Èkó ṣe Òfin Àwọn Ènìyàn Ọ̀tọ̀ ní 2011 láti dáàbò bo àwọn aláàbọ̀ ara, ó sì dá ilé iṣẹ́ LASODA sílẹ̀ láti rí sí i. Ìjọba àpapọ̀ fi ọwọ́ sí òfin tirẹ̀ ní 2019, èyí tí ó ka yíya aláàbọ̀ ara sọ́tọ̀ nítorí àbọ̀ ara rẹ̀ sí ẹ̀ṣẹ̀. Àìlera ọpọlọ wà nínú ohun tí òfin náà kà sí àbọ̀ ara. Fífi pátákó ńlá kọ́ sí iwájú ilé pé a fẹ́ràn àwọn àgbà, láìkọ́ òṣìṣẹ́ kan, kò bo ẹnikẹ́ni lábẹ́ òfin, kò sì tan ẹbí tí ó ti dé ibẹ̀ rí.

Bí àgbà bá sọnù

Kí ẹbí tí ó bá mú irú àgbà bẹ́ẹ̀ jáde kọ orúkọ rẹ̀ àti nọ́ńbà tẹlifóònù méjì sí inú aṣọ rẹ̀, tàbí sí ìlẹ̀kẹ̀ ọwọ́, kí wọ́n sì ya àwòrán rẹ̀ ní àárọ̀ ọjọ́ náà nínú aṣọ tí ó wọ̀. Bí ó bá sọnù ní ibi àríyá, kí onígbọ̀ngàn dá ìlù dúró, kí ó dárúkọ rẹ̀ lórí gbohùngbohùn, kí a sì ti géètì títí a ó fi yẹ gbogbo ilé ìgbọ̀nsẹ̀, ibi ìdáná àti inú àwọn mọ́tò wò. Lẹ́yìn náà kí a rán ènìyàn sí gáréèjì, sí ọ̀nà ilé tí ó ń gbé tẹ́lẹ̀ àti sí ibi iṣẹ́ rẹ̀ àtijọ́, nítorí pé ibẹ̀ ni ẹsẹ̀ wọn sábà ń dorí kọ. Kí a má ṣe dúró di ọjọ́ kejì kí a tó lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá. Nọ́ńbà ìpè pàjáwìrì Ìpínlẹ̀ Èkó ni 767 tàbí 112, kò sì gba owó.

Fún àyẹ̀wò, kí ará Alímòṣọ́ kọ́kọ́ lọ sí ilé ìwòsàn ìjọba, Alimosho General Hospital, ní Ìgándò, kí àwọn dókítà ibẹ̀ lè tọ́ ọ sí ọ̀nà. Ilé ìwòsàn ìjọba àpapọ̀ fún àrùn ọpọlọ wà ní Yábàá. Ní Ìbàdàn, ilé ìwòsàn U.C.H. ní ibi ìtọ́jú tí ó wà fún àwọn àgbàlagbà nìkan, èyí tí wọ́n ṣí ní 2012. Kí ẹni tí ń lọ mú gbogbo oògùn tí àgbà náà ń lò dání, títí kan àgbo, kí ó sì kọ ọjọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ ṣàkíyèsí ìgbàgbé náà sí ìwé.